Ìbọn Tó Ń Tàpá: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Mọ̀ Kí Ọmọ Tó Gbé Ráífù Lé Èjìká

Ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni àkókò ọdẹ àgbọ̀nrín máa ń ṣí ní ìpínlẹ̀ Texas. Bí ọjọ́ náà bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ wa ní Houston àti agbègbè rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìbéèrè wálé láti ilé ẹ̀kọ́: ọ̀rẹ́ mi ń bá bàbá rẹ̀ lọ sígbó ọdẹ, ṣé èmi náà lè lọ? Òbí tó jẹ́ pé Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ló ti dàgbà, tí kò fọwọ́ kan ìbọn rí láyé rẹ̀, kì í mọ èsì tí òun máa fọ̀.

Báyìí ni ọmọ àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 12, ṣe bá ìdílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí pápá tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn. Nígbà tó dé, èjìká rẹ̀ ọ̀tún ti wú, ẹ̀jẹ̀ ti sun sábẹ́ awọ ibẹ̀. Ọgbẹ́ kan tó rí bí oṣù tuntun sì wà lókè ojú rẹ̀ ọ̀tún. Kò sunkún. Ó kàn sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Mi ò ṣe mọ́." Ìyá rẹ̀ ya fọ́tò ẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí, ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní ọmọ náà kò lágbára tó. Òmíràn ní wọ́n ti ba ìbọn náà jẹ́. Àbúrò bàbá wa láti ilé ní kó máa jẹ iyán dáadáa.

Kò sí èyí tó jẹ mọ́ iyán níbẹ̀. Àgbàlagbà tó gbé ìbọn fún un ló ṣi ìṣirò ṣe, ohun tí mo sì fẹ́ là yé yín nìyí, torí ó dùn mí pé ọmọ náà rò pé òun lòun kùnà.

Kí ni ìtàpá ìbọn gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ orúkọ àwọn nǹkan. Kátíríìjì ni ohun tí a ń kì sínú ráífù: agolo idẹ kékeré kan ni, ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, ọta ló dí ẹnu rẹ̀. Ọta nìkan ló ń fò lọ, agolo á ṣẹ́ kù. Ọ̀pá ìbọn ni irin gígùn tí ọta ń gbà jáde. Ìdí ìbọn ni apá ẹ̀yìn tí a ń gbé ti èjìká. Ìtàpá sì ni bí gbogbo ìbọn náà ṣe máa ń sọ padà sẹ́yìn bí ọta ṣe ń jáde síwájú, tí ìdí rẹ̀ á gbá èjìká ẹni tó yìn ín.

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré rí ní Èpẹ́ tàbí Ìkòròdú ti rí nǹkan yìí. Bí ọkọ̀ bá dé etí èbúté, tí ẹnì kan fò bọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ á sún sẹ́yìn. Bí ẹni náà bá sanra, tó sì fi agbára fò, ọkọ̀ á sún gan-an. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tó kún fún ẹrù, kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Isaac Newton kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1687: ohun tó bá ti nǹkan mìíràn, nǹkan náà yóò ti òun náà padà pẹ̀lú agbára kan náà. Ọta lẹni tó fò, ìbọn ni ọkọ̀, èjìká ọmọ ló wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Ẹ̀tù náà wà nínú ìṣirò. Tó bá ti jó, ó di afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń tú jáde lẹ́nu ìbọn pẹ̀lú eré tó ju ti ọta lọ, ìyẹn náà sì ń ti ìbọn sẹ́yìn. Àwọn ọdẹ wa tó ń lo ṣakabùlà mọ èyí láìka ìwé Newton: ẹni tó bá ki ẹ̀tù jù, ìbọn á gbá a, bí kò bá tiẹ̀ bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ibí yìí ni fíìmù ti ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n á yìnbọn lu ẹnì kan, onítọ̀hún á fò sẹ́yìn gba ojú fèrèsé jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára títì tí ọta gbé lọ kò lè ju èyí tí ìdí ìbọn gbé wá sí èjìká ẹni tó yìn ín. Bó bá lè gbé ẹni tí ó bà fò, ẹni tó yìn ín náà ì bá ti fò gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Kí ló wá ń gbé àwọn ọmọ ṣubú nínú fídíò tí àwọn èèyàn fi ń ṣẹ̀fẹ̀? Ìdúró wọn ni. Ìbọn wúwo níwájú, ọmọ á fẹ̀yìn kí ó lè gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á sì wà pa pọ̀. Ẹni tó ti ń fẹ̀yìn tẹ́lẹ̀, ìka kan péré tó láti tì í ṣubú.

Kí ló dé tí ìbọn kan fi ń gbá ni ju òmíràn lọ?

Àwọn Amẹ́ríkà ń fi foot-pound wọn agbára ìtàpá. Ẹyọ kan ni agbára tó ń gbà láti gbé ohun tó wúwo páùnù 1 sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 1. Ẹ fojú inú wo iṣu tó wúwo páùnù 10, tó já bọ́ láti gíga ẹsẹ̀ bàtà 2. 20 nìyẹn.

Orúkọ irú kátíríìjì tí ìbọn ń yìn ni àwọn nọ́ńbà tí mo fẹ́ kà yìí. Ráífù kékeré tí wọ́n ń pè ní .22, tuẹ́ńtì-tuù, kò pé ìdajì ẹyọ kan. .223 máa ń wà ní 3 tàbí 4. .243 tí ọ̀pọ̀ òbí ń rà fún ọmọ tó fẹ́ pa àgbọ̀nrín tó nǹkan bíi 10. .308 tó bíi 17. .30-06 tó 20, ìyẹn iṣu wa yẹn. .300 Winchester Magnum kọjá 25, shotgun ńlá tí wọ́n ń pè ní oníye 12, tí wọ́n ki kátíríìjì líle sí, sì lè kọjá 30. Iye wọ̀nyí ń yí díẹ̀ bí ìwúwo ìbọn àti irú kátíríìjì bá ṣe rí, àmọ́ bí wọ́n ṣe ga ju ara wọn lọ nìyẹn.

.30-06 ni wọ́n gbé fún ọmọ àbúrò mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ó máa di ìbọn mú. Láti .22 sí .30-06, ìlọ́po tó ju 40 lọ ni. Ta ni yóò fẹ́ kọ́ ọmọ ní lílúwẹ̀ẹ́ kó wá lọ kọ́kọ́ sọ ọ́ sínú òkun?

Iye yìí nìkan kọ́ ló ń sọ bí ó ṣe máa dùn tó. Kí wọ́n rọra fi àtẹ́lẹwọ́ tì ọ́ léjìká yàtọ̀ sí kí wọ́n gbá ọ ní ìgbájú, bí agbára méjèèjì bá tiẹ̀ dọ́gba. Ohun tó bá fẹ̀ tó sì rọ̀ ń ti ni; ohun tó bá tín-ín-rín tó sì le ń gbá ni. Ẹ rántí òṣùká. Ẹrù kò fúyẹ́ sí i nítorí pé a ki aṣọ sábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó ru garawa omi láìsí òṣùká mọ ohun tí orí rẹ̀ sọ fún un. Rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n ń fi sí ìdí ìbọn, òṣùká ìbọn ni. Bí ìbọn tí ẹ fẹ́ kí ọmọ lò bá jẹ́ igi tàbí ike lásán ní ìdí, ẹ kọ́kọ́ lọ ra rọ́bà yìí kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn.

Ṣé èyí tó fúyẹ́ ló dára fún ọmọdé?

Pàkúté tó ń mú ọ̀pọ̀ òbí nìyí. Wọ́n á wo apá ọmọ, wọ́n á wo ìbọn, wọ́n á mú èyí tó fúyẹ́ jù lọ nínú ilé ìtajà, wọ́n á sì rà á fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kátíríìjì ńlá bíi .308 ló ń yìn. Ọkọ̀ kékeré ló ń sún sẹ́yìn jù. Bí ìbọn méjì bá ń yin kátíríìjì kan náà, tí ọ̀kan wúwo ní ìlọ́po méjì èkejì, ìdajì agbára ni èyí tó wúwo á fi tàpá. Ìbọn fúyẹ́fúyẹ́ pẹ̀lú kátíríìjì ńlá ló burú jù fún èjìká kékeré.

Ọmọ kò sì lè gbé ìbọn wúwo títí. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí ó má gbé e. Ẹ gbé ọ̀pá ìbọn lé àpò yanrìn tàbí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí nǹkan yẹn gba ìwúwo, kí ọmọ kàn máa darí rẹ̀.

Gígùn ṣe pàtàkì ju ìwúwo lọ lójú tèmi. Láti ibi tí ìka ti ń fa irin kékeré tó ń yìnbọn dé ìdí ìbọn, ti àgbàlagbà máa ń tó íǹṣì 13 àbọ̀. Ti ọmọdé yẹ kó wà ní bíi 12 sí 12 àbọ̀. Bó bá gùn jù, ọmọ á fẹ̀yìn, á na ọrùn, á sì gbé ìdí ìbọn lé apá dípò èjìká. Ẹ fi ìbọn òfìfo wò ó: kí ó ká apá rẹ̀, kí ẹ gbé ìdí ìbọn sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá rẹ̀. Bí ìka rẹ̀ kò bá dé irin yẹn láìjẹ́ pé ó nà, ìbọn náà kì í ṣe tirẹ̀.

Ìró ńkọ́?

Bí ẹ bá bi ọmọ pé kí ló bà á lẹ́rù, á ní ìbọn gbá òun. Ẹ tún bi í dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ariwo ló kọ́kọ́ mú un. Ìró àti ìgbájú jọ ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, ara kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Decibel ni ẹyọ tí wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe le tó. Ìró ìbọn máa ń tó decibel 140, ráífù ńlá sì ń kọjá 160. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìró òjijì tó máa wọ etí àgbàlagbà má kọjá 140, kí ti ọmọdé má kọjá 120. Èyí túmọ̀ sí pé tuẹ́ńtì-tuù tí a ń pè ní kékeré pàápàá lè pa ọmọ létí lára. Etí tó bá ti bàjẹ́ báyìí kì í padà. Nítorí náà, ẹ ki fóòmù sínú etí, ẹ sì gbé ìbòtí ńlá lé e, méjèèjì pọ̀. Ìgbà tí ariwo bá kúrò nínú ọ̀rọ̀, ìtàpá tó ṣẹ́ kù máa ń ya ọmọ lẹ́nu bí ó ṣe kéré.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ de irin oníhò mọ́ ẹnu ìbọn. Òótọ́ ni pé ó ń dín ìtàpá kù púpọ̀, torí ó ń darí afẹ́fẹ́ ẹ̀tù sí ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń mú kí ìró le sí i fún ẹni tó yìn ín àti ẹni tó dúró tì í. Mi ò ní fi í sí ìbọn ọmọdé. Irin tó ń pa ìró ìbọn ló sàn jù, torí ó ń dín méjèèjì kù. Òfin gbà á ní Texas, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìlànà ìjọba àpapọ̀ kí ẹ tó lè ní in.

Ibo gan-an ló yẹ kí ìdí ìbọn wà lára?

Ẹ fi ìka mẹ́ta tẹ abẹ́ eegun tó lọ láti ọrùn sí èjìká yín. Bí ẹ bá na apá síwájú, ẹ máa rí i pé kòtò kékeré kan ṣí láàárín àyà àti orí èjìká. Ibẹ̀ ni. Kì í ṣe orí eegun, kì í ṣe ẹran apá. Ibi tí ọmọ àbúrò mi ti wú, lórí ẹran apá ni, ojú ibẹ̀ nìkan ti sọ fún mi pé ìbọn náà gùn jù fún un.

Kí ó fa ìdí ìbọn mọ́ kòtò yẹn dáadáa. Ọmọ tó ń bẹ̀rù máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín èjìká àti ìbọn, ó rò pé òun ń sá fún un. Ó ń fún ìbọn láyè láti sáré wá ni. Ẹni tó ti gúnyán rí mọ̀ ọ́n: ọmọ odó tí a dì lẹ́dẹ̀ẹ́ ló ń bó àtẹ́lẹwọ́. Bí ìbọn bá ti fara mọ́ èjìká, ìbọn àti ara á di ohun kan ṣoṣo tó wúwo, wọ́n á jọ sún sẹ́yìn.

Bí ó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, kí ẹsẹ̀ òsì wà níwájú, kí orúnkún rọ̀ díẹ̀, kí ara tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ ti mọ́tò tó kọṣẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fò lórí ìbọn, kí ó sinmi lé e gbọin. Ìdúró dára ju jíjókòó lọ fún ẹni tó ń kọ́ ìtàpá, torí ara tó dúró lè mì lọ mì bọ̀. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kò ríbi mì sí, èjìká rẹ̀ á gba gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá jókòó sí tábìlì, ẹ gbé àpò yanrìn ga kí ọmọ lè jókòó ṣánṣán, kó má tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọgbẹ́ ojú yẹn ńkọ́? Awò tí wọ́n ń so mọ́ ìbọn láti fi wo ọ̀kánkán ló fà á. Awò ráífù nílò kí ojú jìnnà sí i ní bíi íǹṣì 3 sí 4. Ọmọ tí kò ríran dáadáa nínú rẹ̀ á máa na ọrùn síwájú títí ojú rẹ̀ á fi kan etí irin. Ìbọn sọ padà, irin gbá a. Kí àgbàlagbà sún awò náà síwájú títí ọmọ á fi rí gbogbo àwòrán kedere láìna ọrùn, kí ó tó di pé kátíríìjì wọlé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Ìbọn wo ni kí ó kọ́kọ́ yìn?

Èyí tí kì í tàpá. Ní ìdíje Olympic ní Paris lọ́dún 2024, Ban Hyojin láti South Korea gba góòlù nínú ráífù afẹ́fẹ́ mítà 10 àwọn obìnrin. Ọmọ ọdún 16 ni. Ọta ìbọn náà kò ju mílímítà 4.5 lọ, afẹ́fẹ́ ló ń tì í, kò sí ẹ̀tù, kò sì sí ìgbájú. Ohun gbogbo tí ayìnbọn nílò, mímí, sùúrù, ìka tó ń rọra fà, ni wọ́n fi ń kọ́ni lórí ìbọn tí kò dun ẹnikẹ́ni. 4-H, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó wà káàkiri Amẹ́ríkà, ń fi ráífù afẹ́fẹ́ àti .22 kọ́ àwọn ọmọ.

Lẹ́yìn afẹ́fẹ́, .22. Kí ó pẹ́ níbẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ odidi ọdún. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Òfin Texas kò gbà kí a fi irú .22 yìí pa àgbọ̀nrín, ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ dé ibẹ̀ ni kí ẹ sún un sí .223 tàbí .243, kátíríìjì 5 péré lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì dáwọ́ dúró nígbà tó ṣì ń wù ú. Ọmọ tó bá lọ sílé pẹ̀lú ìfẹ́ á padà wá.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀rù ti wọ̀ ọ́ lára?

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí okùn á fò. Ọmọ tí ìbọn ti gbá rí máa ń ta gìrì kí ìbọn tó dún: á di ojú, èjìká á sọ síwájú, ẹnu ìbọn á tẹ̀ sílẹ̀, ọta á sì lọ sí ilẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í mọ̀, torí ìró ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kí àgbàlagbà máa bá a ki ìbọn láìjẹ́ kó rí i, nígbà mìíràn kátíríìjì gidi, nígbà mìíràn èyí tí kò lẹ́tù tí wọ́n ṣe fún ìdánrawò. Tó bá fa èyí tí kò lẹ́tù, "kẹ́" lásán lẹ máa gbọ́. Bí ẹnu ìbọn bá dúró jẹ́ẹ́, ara rẹ̀ balẹ̀. Bó bá mì sódò, ẹ padà sí .22. Ẹ má bá a wí, ẹ má sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Nǹkan tí ara kọ́ nípa ẹ̀rù, ìfọ̀kànbalẹ̀ ló lè mú kó gbàgbé rẹ̀.

Kí ló dé tí kátíríìjì kan ṣoṣo fi tó?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 9 kan ń kọ́ bí a ṣe ń yin Uzi, ìbọn tó ń yin ọta léraléra bí ìka bá ṣì wà níbẹ̀. Ìtàpá gbé ẹnu ìbọn sókè sí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ kékeré yẹn kò lè dá a dúró, ọta ba olùkọ́ tó dúró tì í. Ọkùnrin náà kú. Mo máa ń rántí ọmọ yẹn.

Nítorí náà, kátíríìjì kan lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi mọ́ ọn lára, àti pé ìbọn tó ń yin léraléra kò sí lára ohun ọmọdé. Ẹnu ìbọn máa kọjú síbi tí kò séèyàn nígbà gbogbo, ìka sì wà lóde títí ó fi fẹ́ yìn ín. Àjọ Texas Parks and Wildlife ń ṣe ẹ̀kọ́ ọdẹ tí ọmọ ọdún 9 sókè lè ṣe kó sì gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ bá a ṣe é. Nílé, ẹ ti ìbọn mọ́ inú àpótí: òfin Texas lè mú àgbàlagbà tó bá jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 rí ìbọn tó lè dún gbà. Ẹ̀yin tó ń kà á ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ọdún 1959 ló de ìbọn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ní ráífù láìní ìwé àṣẹ. Ẹ má mú ohun tí mo kọ yìí lọ síbi tí kò bá òfin mu.

Ó tó oṣù méjì kí ọmọ àbúrò mi tó gbà láti bá mi jáde. Tuẹ́ńtì-tuù ni mo gbé lọ, pẹ̀lú fóòmù àti ìbòtí, àti agolo tòmátò mẹ́fà. Lẹ́yìn àkọ́kọ́, ó yí ojú sí mi. "Ó ti dún ni?" Mo ní ó ti dún. Ó wo agolo tó ti ṣubú, ó wo èjìká rẹ̀. Lẹ́yìn ìkẹwàá mo gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, mo tú u wò pé ó ti ṣófo, mo sì tẹ èjìká náà pẹ̀lú àtàǹpàkò.

"Ó ń dùn ẹ́?"

"Rárá sà. Ẹ jọ̀ọ́, ó ku mélòó?"